Bí Mo Ṣe Yọ Bàbá Mi Kúrò Nínú Ìdílé Wa

Ìka kan péré ni mo fi yọ bàbá mi kúrò nínú ìdílé wa. Ọ̀sán Sátidé ni, mo sì ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà, ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà pòórá, ìṣirò mi sì gún régé lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo tún mú bisikíìtì mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọ̀mọ̀wé tí mo ti jẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé, kí ẹ má baà rò pé ọjọ́ yẹn ni ìwà òmùgọ̀ mi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo dé ìlú kan ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò, mo ti gbà lọ́kàn mi pé wọ́n ń retí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ pé wọ́n kú àárọ̀ o, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé tí mo bá wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ìdèrè. Kò sẹ́ni tó dáhùn àfi ajá ìyá arúgbó kan tó jókòó síwájú. Mo tún un kí, nítorí mo rò pé wọn kò gbọ́. Ìyá náà fa ajá rẹ̀ mọ́ra.

Nínú ilé tí mo ń gbé, àwa márùn-ún la jọ ń lo ilé ìdáná kan. Olúkúlùkù ló kọ orúkọ rẹ̀ sára mílíìkì rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo mọ orúkọ gbogbo mílíìkì inú fíríìjì náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ojú àwọn tó ni wọ́n. Èmi náà kọ orúkọ tèmi, mo fi gbogbo àmì ohùn sí i lórí, mo tiẹ̀ fa ìlà sí i nídìí. Ẹnì kan mu mílíìkì náà tán, ó sì fi ike òfìfo náà sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú orúkọ mi lára rẹ̀. Mo pa ike náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí òun nìkan ló ń pe orúkọ mi dáadáa nínú ilé yẹn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, béèrè ibi tí mo ti wá. Bí mo ṣe dárúkọ Ìgbó-Ọrà, ó gbé orí sókè. Ó ti kà nípa ìlú tí ìbejì pọ̀ sí.

"Ṣé ìbejì ni ìwọ náà?"

Èmi nìkan ni màmá mi bí lọ́jọ́ tó bí mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ojú rẹ̀ kúrò lára mi. Mo ní rárá, àmọ́ ìbejì wà ní ilé tó wà lápá ọ̀tún wa, wọ́n wà ní ti apá òsì, ọbẹ̀ ilasa tí wọ́n ní ó ń mú wọn wá ni èmi náà sì fi dàgbà. Mo sọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé èmi ni mo ń pín wọn fún ìlú. Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti rí iṣẹ́ ìwádìí gbà.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó wọn àwọn ìdílé, bàbá, ìyá àtọmọ: gíga wọn, gígùn ẹsẹ̀ wọn, ọrùn ọwọ́ wọn, àti bí òkè apá wọn ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà a ó fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà wọn ń bá ara wọn rìn. Bí apá bàbá bá tóbi, ṣé apá ọmọ náà máa ń tóbi, àbí èèṣì lásán ni? Ìlà kan wà nínú irú ìṣirò yìí. Tí àbájáde bá bọ́ sí apá ìhín, a ó ní kò jọ èèṣì. Tó bá bọ́ sí apá ọ̀hún, a ó ní a kò lè sọ. Mo ti rí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé tó ń wo ìlà yẹn bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oṣù mẹ́fà láàrin, ká lè mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n dúró.

Màmá mi ni mo ní kó bá mi wọ̀n wọ́n. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ilé kan ní àdúgbò wa tí kò ti kọ́ ẹnì kan níbẹ̀ ní A, B, D. Ó ra tépù télọ̀, ó ra ìwé eléwé ọgọ́ta, ó fi rúlà fa ìlà sí gbogbo ojú ewé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó pè mí.

"Wọ́n ní àwọn ò ṣe o."

"Kí ló dé, mà?"

"Wọ́n ní káfíńtà pósí nìkan ló ń wọn èèyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo ti rí ohun tí àwọn ò rí ni."

"Ẹ sọ fún wọn pé yunifásítì ti fọwọ́ sí i. Mo ní lẹ́tà."

"Yunifásítì ọ̀hún gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù."

Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Màmá mi kò kà á fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ni pé nígbà tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i, ó ní kí bàbá mi bọ́ ẹ̀wù, ó sì wọ̀n ọ́n. Bàbá mi, tó ti ń fi oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu tọ́ wa láti kékeré, na apá rẹ̀ síta, ó ń ké sí àwọn aládùúgbò: "Ẹ wò ó, kò dùn mí! N ò tíì kú! Màmá Fẹ́mi, ẹ tún inú wọ̀n, ó ti jẹun!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí Táyé àti Kẹ́hìndé tó wà ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ogójì ìdílé ló ti wà nínú ìwé náà, láti Ìgbó-Ọrà dé Ìdèrè, ti bàbá mi ló sì ṣáájú gbogbo wọn.

Mo fi okùn wọn apá tèmi nínú yàrá mi. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo yẹ ti bàbá mi wò: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ya àwòrán rẹ̀, àmì ìdílé wa bọ́ sáàárín àwọn tó kù, ó jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń wò ó. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, gbogbo ibi tí mo bá tò sí ni wọ́n ti ń béèrè ìwé lọ́wọ́ mi. Lórí àwòrán yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

Ọ̀gá mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló dé tí màmá mi fi kọ Kẹ́hìndé sí ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ẹ̀gbọ́n sí, nígbà tó jẹ́ pé Táyé ni wọ́n kọ́kọ́ bí? Mo ṣàlàyé pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá rẹ kì í kọ ohun tí kò bá gbà gbọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ṣe fọ́ńté pàápàá. Ká ní mo fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn ni, ì bá ṣe mí láǹfààní.

Kí n lè máa jẹun, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo sọ fún wọn nílé pé ẹ̀ka ètò ìlera ni mo wà. Irọ́ kọ́. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, mo sì ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè láti mọ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́mọ níwèé ní Erúwà, máa ń pè mí ní Dókítà. Mo máa ń dáhùn.

Ọjọ́ ìsinmi ni mo ń pe ilé. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, bàbá mi ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ màmá mi kó tó kí mi tán. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í "lọ oko" ní ọjọ́ ìsinmi. Ó ń "sùn." Ó "yà sílé Pásítọ̀." Mo ní kí a lo fídíò, nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Ní ọjọ́rú kan ṣá, nẹ́tíwọ̀kì dáa, bàbá mi sì yọ sójú fóònù nínú agbádá ńlá, ní aago kan ọ̀sán, nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi ń gba àlejò! Orí mi wú. Mo rò pé iyì ọmọ tó wà lókè òkun ló ń bù fún mi. Mo tún kọ́ọ̀là mi ṣe kí èmi náà lè yẹ ẹni tí wọ́n ń wọ agbádá kí.

Oṣù mẹ́fà pé, màmá mi fi fọ́tò ìwé ìgbà kejì ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ìdílé mẹ́tàlélógún péré ló wà níbẹ̀. Mo pè é, mo sì fi ohùn ọ̀mọ̀wé bá a sọ̀rọ̀.

"Mà, ogójì la fi bẹ̀rẹ̀. Níbo làwọn tó kù wà?"

"Wọ́n lọ oko."

"Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Iṣẹ́ oko pọ̀."

Mo mí kanlẹ̀ sí i létí. Mo tún ṣàlàyé fún un, èmi tó kọ́ ní kíkà, bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà lórí tépù. Ìdí ni pé nínú ìwé náà, ó kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí iwájú òkè apá bàbá mi, ó sì fi bíró pupa fa ìlà méjì sí i nídìí. Láti mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Àṣà tíṣà ni mo ka bíró pupa náà sí. Lọ́jọ́ kejì mo kọ̀wé sí i pé: "Mà, ó jọ pé ojú yín kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi mú yín lọ ra gíláàsì." Ó dá mi lóhùn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta: "Mo ti gbọ́."

Pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, ìṣirò bàbá àti ọmọ bọ́ sí apá ọ̀hún ìlà. Láìsí i, ó bọ́ sí apá ìhín. Ọjọ́ Sátidé bisikíìtì nìyẹn. Ọ̀gá mi bi mí bóyá mo ti yẹ nọ́ńbà náà wò dáadáa kí n tó yọ ọ́. Mo ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ìyá mi ló wọ̀n ọ́n, ó ti dàgbà.

Bàbá kan wà ní ilé ìtọ́jú wa tí kì í gbé rédíò rẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ nílé ìwẹ̀. Ní Mọ́ńdè kan, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó sì ti fúyẹ́ gan-an ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó jọ pé òṣùwọ̀n ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí wa kà á, ó pè mí.

"Ṣé o tún un gbé sórí rẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé o gbé ẹlòmíràn sórí rẹ̀, kí o lè mọ̀ bóyá ó bàjẹ́?"

"Rárá."

Ó gun òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n sọ òtítọ́ fún un, òótọ́ tí kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. A tún bàbá onírédíò gbé sí i: nọ́ńbà àkọ́kọ́ náà ni. Nọ́ọ̀sì kò bínú sí mi. Ó kàn ní, "Òun ló rù. Òṣùwọ̀n kò rù," ó sì pe dókítà kó tó di aago mọ́kànlá.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Gbogbo Mọ́ńdè ni mo ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti kọ́ mi pé tí àgbàlagbà bá ń rù, kí n sọ fún ẹnì kan kíákíá. Mo mọ̀ ọ́n fún bàbá ẹni ẹlẹ́ni. Fún bàbá tèmi, mo ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ ra gíláàsì. Mo jáde sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó bíìnì ìdọ̀tí sí, mo pe màmá mi. Ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ ṣèèṣì pè.

"Mà, báwo ni Bàbá wa ṣe rí?"

"Wọ́n wà. A dúpẹ́."

"Mà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn."

 Mo ń gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń kọjá lójú títì wa.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n," màmá mi wí. "Bàbá ẹ mú mi búra pé n ò ní fẹnu sọ fún ẹ. Wọ́n ní o máa fi ìwé sílẹ̀, o máa wálé. Wọ́n ò gbà káwọn lọ ọsibítù, torí Fẹ́mi á gbọ́, á sì sọ fún ẹ. Mo búra. Ṣùgbọ́n ìwé ni o fi rán mi, n ò lè kọ irọ́ sínú ìwé. Mo kọ ohun tí mo rí. Mo fi pupa fa ìlà sí i kí o lè rí i. Mo wá ń dúró kí o pè." Ohùn rẹ̀ já. "O wá ní kí n lọ ra gíláàsì."

 Ẹkún ni mo sun, lẹ́bàá bíìnì, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé.

Ó sọ ìyókù fún mi díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó ń tọ̀ ṣáá, ẹran ara rẹ̀ sì ń lọ. Àwọn ìdílé tó kù kò lọ sí oko kankan. Wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n sì ní tépù ló ń fà á lọ. Àwọn tí màmá mi kọ́ níwèé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ru gbogbo rẹ̀, kò sọ, ó sì tún gba ìbáwí lọ́wọ́ mi lórí pé ogójì kò pé.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi. Kò pè mí ní Dókítà lọ́jọ́ yẹn. Kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù, pẹ̀lú agbádá àti ìbínú. Ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n bá lára rẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń wẹ̀ fún àwọn bàbá mìíràn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnì kan máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún tèmi.

Nígbà tó padà sílé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì dá ìlà rẹ̀ padà síbi tó wà. Ìṣirò náà bọ́ sí apá ọ̀hún. Ìgbà náà ni mo tó wo nọ́ńbà tèmi ti ìgbà kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lóṣù mẹ́fà yẹn, búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún díńdín ti sọ apá mi di márùndínlógójì. Bí ti bàbá mi ṣe ń tín-ínrín ni tèmi ń wú. Kì í ṣe òun nìkan ló ba àwòrán náà jẹ́, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn láti yọ ara mi.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi pé àbájáde tí mo fi yangàn ti lọ, mo sì sọ ìdí rẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa fún un.  Ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ó béèrè orúkọ bàbá mi, ó gbìyànjú láti pè é, kò lè pè é, ó tún gbìyànjú.

Mo jẹ́wọ́ fún màmá mi náà pé mo ti yọ orúkọ bàbá mi. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gba fóònù kí màmá mi tó kí mi tán. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Mo rí apá rẹ̀, mo sì gbé ojú kúrò.

"Mo gbọ́ pé o lé mi jáde nílé ara mi."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé o ti dá mi padà?"

"Mo ti dá yín padà, sà."

"Kí ni ìṣirò wá wí?"

"Ó ní òun ò lè sọ bóyá a jọra."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Màmá mi ń sọ lẹ́yìn pé kó rọra. Ó wò mí dáadáa lójú fóònù, ó ní, "Ìwọ dín díẹ̀, èmi náà á pọ̀ díẹ̀. A ó pàdé láàárín ọ̀nà."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ní Mọ́ńdè mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá mi, mo ní mo fẹ́ gba àyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lọ sílé. Ó béèrè bóyá ìdílé mẹ́tàdínlógún tó kù ni mo fẹ́ lọ wọ̀n. Mo ní rárá, ẹnì kan ṣoṣo ni.